Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: Bí a ṣe ń pààrọ̀ orí wáyà nínú ọkọ̀ àtijọ́

Láti ọwọ́ akọ̀ròyìn wa

Ẹ jẹ́ ká sọ pé bàbá kan fi ọkọ̀ Peugeot 504 sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kí ó tó jáde láyé. Ọmọ náà tún ọkọ̀ ọ̀hún kùn, ó tún àga inú rẹ̀ rán, ó sì ń fi í yangàn kiri Lẹ́kkí lọ́jọ́ Sátidé. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, bó ti kọjá Jákàńdè tó dorí kọ Ajah, iná iwájú ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ó ń jí. Kó tó dé Sàńgótẹ̀dó, ọ̀kan ti kú pátápátá. Ó ra gílóòbù tuntun, kò tàn. Ló bá gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ sí ríwáyà. Ríwáyà wo ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó mú píláyà, ó gé sọ́kẹ́ẹ̀tì náà dànù, ó fi eyín bó ara wáyà, ó lọ́ wọn mọ́ra, ó sì fi téèpù dúdú wé e. Iná tàn. Inú ẹni tó ni ọkọ̀ dùn, ó sanwó, ó bá tirẹ̀ lọ.

Irú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ń lo ọkọ̀ àtijọ́ ní ìlú Èkó. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe yẹn kì í ṣe ìwòsàn. Ìbẹ̀rẹ̀ àrùn mìíràn ni. Àwọn àgbà ló sọ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Orí kékeré kan tó wà lẹ́nu wáyà ló ń ṣàìsàn. Orí yẹn nìkan ló yẹ kí wọ́n yọ, kí wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, kí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ilé iṣẹ́ ṣe mọ́ ọkọ̀ náà lè wà níbi tó wà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni a fẹ́ là yé ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí.

Kí ni à ń pè ní orí wáyà?

Nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, wáyà kì í lọ tààrà láti ibi bátìrì dé ibi iná. Wọ́n máa ń já a sí méjì tàbí mẹ́ta lójú ọ̀nà, kí ó lè rọrùn láti tú ohun tó bá bàjẹ́. Níbi tí wọ́n ti já a, ẹnu wáyà kọ̀ọ̀kan ní orí kékeré tí wọ́n fi bàbà tàbí idẹ ṣe. Àwọn kan nínú orí wọ̀nyí rí pẹlẹbẹ bí abẹ. Àwọn wọ̀nyí ni akọ. Àwọn mìíràn ká etí méjèèjì wọnú, kí abẹ náà lè há sí wọn lára ṣinṣin. Àwọn wọ̀nyí ni abo. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ tó wá láti ilẹ̀ Yúróòpù, abẹ tó wọ́pọ̀ jù lọ fẹ̀ tó mìlímítà 6.3.

Wọ́n máa ń kó orí méjì, mẹ́ta, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sínú ilé oníke kan. Ilé yìí ni à ń pè ní sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ohun tó ń di orí wáyà mú nínú rẹ̀ kì í ṣe àtè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìṣó. Ahọ́n kékeré kan wà lára orí náà, tí wọ́n gé láti ara irin rẹ̀, tí wọ́n sì tẹ̀ síta díẹ̀. Bí wọ́n bá ti ti orí náà wọlé, ahọ́n yìí á rẹlẹ̀, á kọjá ẹnu ọ̀nà, á tún dìde, á sì fi ara kọ́ ike. Láti ìgbà náà, bí ènìyàn fa wáyà náà títí ilẹ̀ fi mọ́, kò yẹ kó jáde. Ẹni tó bá mọ̀ pé ahọ́n yìí wà ló lè yọ orí wáyà láìfọ́ ilé rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ló máa ń gé e.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan ará Lẹ́kkí àti Ajah gan-an

Àárín omi méjì ni ilẹ̀ Lẹ́kkí wà: Òkun Àtìláńtíìkì ní ìhà gúúsù, ọ̀sà ní ìhà àríwá. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ wá láti òkun máa ń gbé iyọ̀ dání, iyọ̀ sì máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra. Bí ọ̀rinrin oníyọ̀ bá bà lé orí wáyà, ìpáàrà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ bàbà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí á fi yọ ohun kan tó dà bí ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé. Bí iná bá tún ń gba inú wáyà náà kọjá lásìkò tí omi iyọ̀ wà lára rẹ̀, orí tó bá wà ní ìhà àmì ìròpọ̀ bátìrì ni ìpáàrà máa ń yára jẹ jù.

Ẹ rántí àgbàrá òjò tó bo ọ̀pọ̀ òpópónà Lẹ́kkí mọ́lẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2017, àti èyí tó tún ṣẹlẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2024. Ọkọ̀ tí omi bá wọ̀ dé ìdí àga lè gbẹ lójú wa láàárín ọjọ́ méjì, ṣùgbọ́n omi tó há sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì kì í tètè gbẹ. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni àìsàn á tó fara hàn, nígbà tí ẹni tó ni ọkọ̀ ti gbàgbé òjò.

Ọjọ́ orí àwọn ọkọ̀ náà tún wà ńbẹ̀. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen tó wà ní Ọjọ́, lójú ọ̀nà Badagry, bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ tí Yorùbá ń pè ní Ìjàpá. Ọdún yẹn kan náà ni ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kaduna bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èyí túmọ̀ sí pé àwọn tó kọ́kọ́ jáde nínú ọkọ̀ wọ̀nyí ti pé àádọ́ta ọdún ní ọdún 2025. Láàárín àádọ́ta ọdún, ike á ti gbẹ, yóò sì máa fọ́ bí èèpo ẹ̀pà. Etí orí wáyà abo á ti rẹ̀, kò ní í lè di abẹ mú dáadáa mọ́.

Bí ohun kékeré ṣe ń di ewu ńlá

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Gílóòbù iná iwájú tó jẹ́ watt 60, tó ń lo bátìrì volt 12, ń fa iná ampere 5. Bí orí wáyà bá mọ́ tónítóní, iná yìí á kọjá lára rẹ̀ láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí ìpáàrà bá fi ìdíwọ́ tí kò ju 0.2 ohm lọ síbẹ̀, volt kan gbáko á sọnù sójú ọ̀nà. Volt kan lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan, àmọ́ ó lè mú nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ gílóòbù náà lọ. Ẹ ronú ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó ń wakọ̀ lóru lójú ọ̀nà márosẹ̀ Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́.

Volt tó sọnù yẹn kò lọ sí ojú ọ̀run, ooru ló dà. Volt kan lórí ampere 5 jẹ́ watt 5, ìyẹn ni agbára gílóòbù kékeré tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí nọ́ńbà ẹ̀yìn ọkọ̀. Gbogbo ooru gílóòbù yẹn ló wá kó jọ sára irin tí kò tó èékánná ọwọ́. Bí irin bá ti ń gbóná bẹ́ẹ̀, etí rẹ̀ á túbọ̀ máa rẹ̀, ìdíwọ́ á pọ̀ sí i, ooru á tún pọ̀ sí i. Bí ike ṣe ń yọ́ nìyẹn, ibẹ̀ sì ni iná lè ti ṣẹ́ yọ.

Àwọn àmì tó yẹ kí ẹ máa wò nìwọ̀nyí: iná iwájú kan tó rẹ̀ ju èkejì lọ, ohun tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá jin wáyà rẹ̀, tó sì ń kú bí ẹ bá fi í sílẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti pọ́n tàbí tó dúdú níbi ihò kan ṣoṣo, àti òórùn ike tó ń jó. Ẹni tó bá ní míta lè wò ó dájú. Ẹ tan iná náà, kí ẹ fi ẹnu míta kan sí orí bátìrì tó ní àmì ìròpọ̀, kí ẹ fi ìkejì sí ẹnu wáyà tó gbé iná dé ìdí gílóòbù. Bí míta bá fi ohun tó ju ìdajì volt lọ hàn, iná ń sọnù lójú ọ̀nà.

Ohun tí a ó kọ́kọ́ ṣe

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ tú orí bátìrì tó ní àmì ìyọkúrò. Ẹ̀yin tó ń lo Ìjàpá, ẹ rántí pé abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì yín wà. Ẹ má ṣe tìtorí pé ẹ ti pa kọ́kọ́rọ́ kí ẹ fojú fo èyí, nítorí àwọn wáyà kan wà tí iná máa ń wà nínú wọn tọ̀sán tòru.

Ohun kejì ni kí ẹ fi fóònù alágbèéká ya fọ́tò sọ́kẹ́ẹ̀tì náà níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ sì kọ àwọ̀ wáyà tó wọ ihò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Àwọn ará Jámánì ti bá wa ṣe èyí tó pọ̀ níbẹ̀. Nínú Ìjàpá àti Mercedes àtijọ́, nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ibi tí wáyà ń wọ̀ ní ìtumọ̀ kan náà. 30 ni iná tó wá tààrà láti bátìrì, wáyà pupa ló sì máa ń jẹ́. 15 ni iná tó ń dé lẹ́yìn tí a bá ṣí kọ́kọ́rọ́, dúdú ni. 31 ni wáyà tó ń padà sí ara irin ọkọ̀, àwọ̀ ilẹ̀ ni. 56a ni iná gíga, 56b sì ni iná ìsàlẹ̀. Peugeot ní ìlànà tirẹ̀, nítorí náà ẹ má fi ti Mercedes ṣe òdiwọ̀n fún un.

Bí a ṣe ń yọ orí tó ti bàjẹ́

Irinṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kò ju irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ, tí ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ. Wọ́n ń tà á, ṣùgbọ́n irin agbòjò tó ti bàjẹ́, tí ènìyàn fi fáìlì fá lẹ́nu títí tó fi pẹlẹbẹ, lè ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ fọ ìdọ̀tí kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ike náà bá ti gbẹ jù, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó lè rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọdọ̀ jẹ́ kó gbẹ tán pátápátá kí ẹ tó dá a padà. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ojú ihò níwájú, níbi tí abẹ ti ń wọlé. Ẹ ó rí àlàfo tín-ín-rín láàárín irin àti ike. Ibẹ̀ ni ahọ́n náà fara pamọ́ sí.

Àṣírí kan wà níhìn-ín tí ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ kò mọ̀. Kí ẹ tó ti irin yín bọ àlàfo náà, ẹ kọ́kọ́ ti wáyà síwájú díẹ̀ láti ẹ̀yìn, bí ìgbà tí ẹ fẹ́ tì í wọlé sí i. Èyí ló máa ń mú kí ahọ́n náà bọ́ lára ike. Ẹ wá ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ náà wọlé, kí ẹ fi tẹ ahọ́n náà mọ́lẹ̀, kí ẹ sì rọra fa wáyà láti ẹ̀yìn. Bí kò bá jáde, ẹ má fi agbára fà á. Ẹ yọ irin, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èyí tí a bá fi agbára mú níí le koko. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ike ọlọ́dún gbọọrọ máa ń fọ́.

Orí kan ni kí ẹ máa yọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tún un ṣe, kí ẹ dá a padà kí ẹ tó kan èkejì. Bí ilé oníke náà bá ti yọ́, ẹ ra ilé tuntun tó bá a mu, kí ẹ sì kó àwọn orí náà lọ síbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bí a ṣe ń fi tuntun sí i

Ẹ gé orí tó bàjẹ́ kúrò, kí ẹ sì bó rọ́bà ara wáyà tó mìlímítà márùn-ún sí mẹ́fà. Ẹ wo bàbà inú rẹ̀ dáadáa. Bó bá ń dán, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Bó bá dúdú tàbí ó ti di àwọ̀ ewé, ìpáàrà ti wọ inú rẹ̀ lọ. Ẹ tún gé díẹ̀ sí i títí ẹ ó fi rí bàbà tó mọ́. Bí wáyà bá wá kúrú jù, ẹ fi wáyà tó nípọn bákan náà, tó sì ní àwọ̀ kan náà, lé e.

Orí tuntun ní apá méjì lẹ́yìn. Apá tó wà níwájú ni yóò di bàbà mú. Èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá ni yóò di rọ́bà mú. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ti iwájú ló ń gbé iná kọjá, ti ẹ̀yìn ló ń gba bàbà lọ́wọ́ gbígbọ̀n ọkọ̀. Ẹni tó bá pọ̀ wọ́n mọ́ bàbà nìkan ti fi wáyà náà sílẹ̀ kó máa já lọ́jọ́ iwájú. Píláyà kan wà tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí gan-an, tí ẹnu rẹ̀ máa ń ká apá méjèèjì wọnú bí àgbò tó ká ìwo. Píláyà lásán kàn máa ń tẹ̀ wọ́n pẹlẹbẹ ni, wáyà á sì máa mì nínú rẹ̀.

Ẹ máa gbọ́ tí àwọn kan á ní òjé yíyọ́ ló dára jù. Òótọ́ ni pé òjé máa ń di wáyà mú, ṣùgbọ́n ó máa ń wọ inú bàbà lọ, á sì sọ wáyà tó ń rọ̀ di ọ̀pá líle. Ibi tí líle náà bá parí sí ni wáyà ti máa ń já bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n. Orí tí wọ́n bá fi píláyà tó tọ́ fún dáadáa kò nílò òjé.

Kí ẹ tó ti orí náà bọ ilé rẹ̀, ẹ wo ahọ́n rẹ̀ bóyá ó ṣì dìde. Ẹ wá tì í wọlé láti ẹ̀yìn títí ẹ ó fi gbọ́ tó dún “kẹ́!” Ẹ fa wáyà náà díẹ̀. Bó bá dúró, iṣẹ́ parí. Bó bá jáde, ahọ́n kò kọ́ ike. Ẹ fi gírísì tí wọ́n ṣe fún iná ọkọ̀ pa ojú rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kí omi iyọ̀ má baà tún rí ibẹ̀ wọ̀, kí ẹ tó dá orí bátìrì padà.

Bí ẹ bá lọ sọ́jà

Yálà ọjà Ládípọ̀ ní Mushin ni ẹ lọ tàbí ọjà ohun èlò ọkọ̀ tó wà ní Trade Fair, ẹ mú òòfà kékeré kan dání. Òòfà kì í fa bàbà, kì í sì í fa idẹ. Orí wáyà tí òòfà bá gbé jẹ́ irin tí wọ́n kàn kùn, yóò sì dógùn-ún kíákíá ní etíkun. Bákan náà, ẹ fi ọ̀bẹ ha ara wáyà tí wọ́n bá fẹ́ tà fún yín. Bí inú rẹ̀ bá funfun, kì í ṣe bàbà pọ́ńbélé. Ẹ má gbàgbé láti mú orí àtijọ́ lọ kí ẹ lè fi wọ̀n ọ́n.

Ọ̀rọ̀ fíúsì

A kò lè parí ọ̀rọ̀ yìí láìmẹ́nu ba àṣà burúkú kan. Bí wáyà lílọ́ bá ti ń mú kí fíúsì máa já, àwọn kan máa ń fi bébà dídán inú páálí sìgá wé e. Nínú Ìjàpá àti àwọn ọkọ̀ Yúróòpù ayé àtijọ́, fíúsì funfun ń gba ampere 8, pupa sì ń gba 16. Ìwọ̀n tí wáyà lè gbà ni wọ́n wò tí wọ́n fi yàn án. Bí ẹ bá fi bébà dídán dí i, fíúsì kò ní í já mọ́, wáyà fúnra rẹ̀ ni yóò jó. Ẹ sì rántí pé iwájú ni táǹkì epo Ìjàpá wà, kò jìnnà sí ibi tí àpótí fíúsì rẹ̀ wà. Ẹni tó bá wé fíúsì ti dáná sí ẹ̀bá epo.

Ta ni ẹ̀bi wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Kì í ṣe ríwáyà nìkan ni kí a máa bá wí. Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń dúró tì í lórí pé kó yára, a ó sì san owó iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún fún un. Owó ìṣẹ́jú márùn-ún, iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún náà ló máa ń rà. Pípààrọ̀ orí kan dáadáa lè gba ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ ní ìdajì wákàtí. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ yín lọ, ẹ kọ́kọ́ bá a sọ ọ́ kó tó mú píláyà: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e. Ẹ bá mi pààrọ̀ orí rẹ̀.” Kí ẹ sì ṣe tán láti san owó àkókò rẹ̀. Bí àwọn ọmọṣẹ́ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ bá rí i tó ń yọ ahọ́n náà pẹ̀lẹ́, àwọn náà á mọ̀ ọ́n, ọ̀nà gígé á sì máa dín kù láàárín wọn.

Ní ti ọmọ tó jogún Peugeot bàbá rẹ̀, téèpù dúdú tí wọ́n wé yẹn kò lè dá omi dúró. Bó bá di òjò tó ń bọ̀, iyọ̀ á wọ abẹ́ rẹ̀, iná á tún kú, wọ́n á tún gé wáyà náà kúrú sí i. Ìgbà mélòó ni wọ́n lè gé e kí wáyà tó tán? Bó bá lọ ṣe é bó ṣe yẹ lónìí, ọmọ tirẹ̀ náà lè wakọ̀ yẹn gba Lẹ́kkí kọjá lóru, kí iná iwájú méjèèjì sì máa tàn.